Òkè wo ni ká gùn? Ìfiwéra ibi márùn-ún fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹnu làwa Ìjẹ̀bú ti ní òkè, a ò ní in nílẹ̀. Òkè-Ajé wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjà ni. Òkè-Àgbò wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àdúgbò ni. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè gidi, kó dúró lórí àpáta kí atẹ́gùn máa gbọn agbádá ẹ̀, àfi kó wọkọ̀ jáde nílé. Bí Ọlọ́run ṣe dá ilẹ̀ wa ni. Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ni ti Ìjẹ̀bú-Òde, ti Rẹ́mọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní Ṣàgámù, òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nílẹ̀ láti fi ṣe símẹ́ńtì. Ìhà Agọ́-Ìwòyè lápá òkè ni àpáta líle ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, kò sì ga tó ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ pe ẹgbẹ́ jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ojúde Ọba ti kọjá, ẹran Iléyá ti tán, a wá ń wò ó pé ká jáde lọ síbì kan pọ̀, ká má kàn máa pàdé nídìí ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ẹnìkan ní Ìdànrè, torí ó rí fọ́tò. Ẹnìkan ní òun ò lè gbé orúnkún òun lọ síbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní ẹgbẹ̀ta. Òmíràn dárúkọ Olúmọ, làwọn tó kù bá pariwo mọ́ ọn pé ìgbà táwọn wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ làwọn ti lọ bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi fà á lórí WhatsApp. Ohun tí mo kọ fún wọn nígbà náà ni mo tún jókòó tì tí mo fẹ̀ lójú síhìn-ín, torí mo mọ̀ pé àwa nìkan kọ́ ló ń ṣe wàhálà yìí.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Orúnkún làkọ́kọ́. Kì í ṣe ti ẹni tó lágbára jù nínú yín o, ti ẹni tó lọ́ra jù ni. Bí ẹgbẹ́ bá ń gòkè, ìṣísẹ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn ni ìṣísẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ má sì wo gígùn nìkan. Ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú ọ̀nà òkè, tó bá jókòó tó mumi, ara ẹ̀ á balẹ̀. Àmọ́ orúnkún tó bá ń ro èèyàn nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, bó sinmi nígbà mẹ́wàá, àtẹ̀gùn tó kù ṣì ń dúró dè é. Sísọ̀ ló ń pa àgbà.

Èkejì, ọ̀nà. Ṣé ẹ lè mu ògì láàárọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ sì padà wá jẹ ìkókórẹ́ nílé lálẹ́? Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣírò owó òtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi alẹ́ rìnrìn àjò lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Ẹ̀kẹta, owó. Mi ò ní kọ iye sílẹ̀, torí iye tí mo bá kọ lónìí, epo bẹntiróòlù á ti yí i padà kẹ́ ẹ tó kà á tán. Ohun tí kò yí padà ni bí owó náà ṣe ń pín: ọkọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ, lẹ́yìn náà tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ohun tẹ́ ẹ fún amọ̀nà. Nítorí náà, ibi tó jìnnà ni ibi tó wọ́n, kódà bí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá rọjú. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan, kẹ́ ẹ kún un dáadáa, owó á fúyẹ́ lórí oníkálukú.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ojú máa rí tẹ́ ẹ bá dókè. Páànù ìlú lójú òmíràn fẹ́ wò. Òmíràn fẹ́ rí òkè lórí òkè títí ojú á fi rẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìgbà, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Ọyẹ́ lọ̀tá ẹni tó fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará ilé tó ti òkèèrè wá ṣe Kérésì, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni wọ́n máa ń sáré gun òkè, eruku ọyẹ́ á sì ti fi nǹkan funfun bo gbogbo ẹ̀. Fọ́tò wọn á wá dà bí ẹni tó dúró nínú èéfín dòdò. Ìgbà òjò, àpáta ń yọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ràn ni ìparí oṣù Kẹwàá wọ inú oṣù Kọkànlá: òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ewé ṣì tutù, ọyẹ́ ò tíì dé. Tó bá jẹ́ Iléyá ló kó yín jọ, tó sì bọ́ sí ìgbà òjò, ẹ yan ibi tó ní irin ìdìmú.

Láyípo, Òkè Àárẹ̀, Ìbàdàn

Ilé-ìṣọ́ yìí ló rọrùn jù, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gba Orù, ẹ kọjá Mámù, ẹ yọ sí Ìdí-Ayúnrẹ́, ẹ ti wọ Ìbàdàn nìyẹn. Ará Rẹ́mọ, márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni tiyín láti Ṣàgámù.

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé-ìṣọ́ náà sórí òkè ní ìrántí òyìnbó kan, Robert Lister Bower, tó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ńtì, ìyẹn aṣojú ìjọba òyìnbó, àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn láti 1893 sí 1897. Ará Ìbàdàn ò bá orúkọ yẹn lọ. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ tó ń lọ́ yí po bí ìkarahun ìgbín ni wọ́n wò, wọ́n sọ ọ́ ní Láyípo. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn 47 sì ni. Mọ́tò á gbé yín dé ẹsẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dókè, Ìbàdàn á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín bí ẹní: páànù tó ti dípẹtà lórí páànù tó ti dípẹtà, gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 nítòsí, Cocoa House lọ́ọ̀ọ́kán.

Àléébù ẹ̀ méjì ni. Àtẹ̀gùn yẹn há, inú ẹ̀ sì ṣókùnkùn; bí ẹnìkan bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ tí ẹnìkan ń sọ̀ lókè, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri. Ẹni tí ibi híhá máa ń dẹ́rù bà, kó dúró nísàlẹ̀. Ìkejì, kò sí ìrìn níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti dókè. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti sọ̀. Èmi ò lè kó bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ láti Ìjẹ̀bú torí ẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ pé ìnáwó gbé yín lọ Ìbàdàn ní Sátidé, ẹ yà síbẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ tó padà. Gèlè gan-an ò ní wọ́.

Olúmọ, Abẹ́òkúta

Ará Rẹ́mọ, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ibí yìí jù. Láti Ṣàgámù, ẹ kọjá Síún àti Kóbapẹ́, ẹ ti dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ará Ìjẹ̀bú-Òde á fi ìrìn tó lọ sí Ṣàgámù kún un, síbẹ̀ ẹ lè lọ kẹ́ ẹ sì bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, láìsáré.

Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn ẹ̀, tàbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀, abẹ́ òkúta yẹn ni wọ́n sá sí nígbà ogun, òun náà ló sọ ìlú ní orúkọ. Dahomey gbógun wá lọ́dún 1851, wọ́n tún wá lọ́dún 1864, wọn ò kó ìlú. Ọdún 1976 ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Lọ́dún 2006 wọ́n tún un ṣe, wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn tuntun, wọ́n sì fi lífìtì sí i. Gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 137 sókè ìpele òkun. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín, torí ìlú fúnra ẹ̀ náà kò sí ní ìpele òkun. Ohun tẹ́ ẹ máa gùn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni àtẹ̀gùn tuntun pẹ̀lú lífìtì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, lífìtì lè gbé e dé ibi tó ga dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, iná ìjọba sì ni iná ìjọba. Ẹ bèèrè lẹ́nu géètì bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún Màmá. Èkejì ni ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín àpáta, òun ni mo fẹ́ràn. Ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láàárín òkúta méjì, ẹni tó bá jẹ iyán yó kó tó wá á mọ̀ ọ́n lára.

Kẹ́ ẹ tó dókè, ẹ má kánjú kúrò ní ihò tí wọ́n sá sí nígbà ogun. Òrùlé ẹ̀ wálẹ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ẹ wo ilẹ̀: àwọn kòtò róbótó wà lójú àpáta, wọ́n ń dán, wọ́n jìn bí àwo kékeré. Ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan nígbà tí ogun há wọn mọ́. Mo fi ìka mi sínú ọ̀kan. Ó tutù, ó sì dán bí inú abọ́ tánńganran. Mi ò rò pé mo gbọ́ ohun tí amọ̀nà sọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn.

Lókè, odò Ògùn wà lápá kan, ilé Ọlọ́run St. Peter's ti Aké wà lápá kan, mọ́ṣáláṣí àgbà náà wà níbẹ̀, páànù pupa ló kún àárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ àpáta náà dagun lójijì láwọn ibì kan, nítorí náà ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọdé mú. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, Ìtòkú ọjà àdìrẹ ń dúró dè yín nísàlẹ̀. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ tù sílẹ̀ nídìí ọkọ̀, Ìtòkú á gbà á. Mo mọ ìyàwó ilé kan tó ní òun ò ní gun òkè, òun kàn tẹ̀lé wa. Òun ló gbé ẹrù tó pọ̀ jù bọ̀ nílé.

Ohun tí Olúmọ ò ní ni òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ìlú lẹ máa rí. Ìlú tó rẹwà ni, mi ò jiyàn, àmọ́ ìlú ni.

Ìdànrè, ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù láìdé ibẹ̀.

Ó jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin lẹ máa gùn: Ògbèrè, J4, Ajébáńdélé, Ọ̀rẹ̀. Ní Ọ̀rẹ̀ lẹ máa yà sí ọ̀nà Oǹdó, kẹ́ ẹ wọ Àkúrẹ́; láti Àkúrẹ́, Ìdànrè ò tó kìlómítà 30. Àwọn kan ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo ti ṣe é rí. Mi ò ní ṣe é mọ́. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò láti ìdájí, tó gòkè tó sọ̀, tó tún jókòó sínú mọ́tò dé alẹ́, lọ́jọ́ kejì kò ní lè wọ bàtà. Ẹ sun Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ gòkè láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ìyẹn ló fi wọ́n ju gbogbo yòókù lọ: ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ ọjọ́ méjì.

Àtẹ̀gùn 660. Nọ́ńbà yìí ló ń lé àwọn èèyàn sá. Ohun tí wọn kì í sọ fún wọn ni pé símẹ́ńtì ni àtẹ̀gùn náà, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibùsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè jókòó sí. Ẹ pín 660 sí ọ̀nà mẹ́fà, kì í ṣe òkè mọ́, ilé alájà díẹ̀ díẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ẹni tó bá fi ìbínú gùn ún ni ó ń rẹ̀.

Àǹtí mi ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, wọ́n ti lé ní 65 nígbà tá a jọ lọ, orúnkún ọ̀tún wọn sì ti ń dà wọ́n láàmú tipẹ́. Wọ́n ní àwọn á máa ka àtẹ̀gùn. Wọ́n kà á dé igba ó lé díẹ̀, ni obìnrin kan bá ti ẹ̀yìn wa yọ pẹ̀lú kúlà mínírà lórí, sílípáàsì ló wọ̀, kò di irin mú. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀nà o," ó sì ti kọjá. Àǹtí mi gbàgbé iye tí wọ́n kà dé. Wọ́n tẹjú mọ́ gìgísẹ̀ obìnrin yẹn títí ó fi yí kọ́nà, wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ, kó má baà tà á tán ká tó débẹ̀."

Ní ibùsinmi kẹrin, wọ́n bọ́ kánfáàsì, wọ́n gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé símẹ́ńtì tútù. Páànù Òde-Ìdànrè ti di páálí ìṣáná nísàlẹ̀. Níwájú wa gan-an, àpáta kan wà tó rí róbótó bí orí tí wọ́n fá, ìlà dúdú dúdú sì gùn wálẹ̀ lára ẹ̀ níbi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn, bí ojú ẹni tó sunkún tí tìróò ṣì wà lójú ẹ̀. A kò sọ̀rọ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀, kò sí ti ẹ̀rọ tó lè fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàlẹ́nu tó kù ni pé nígbà tí àtẹ̀gùn bá tán, wàhálà tán. Ìlú àtijọ́ ló wà lókè yẹn, ní àfonífojì láàárín àwọn òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú débi pé ẹ lè máa rìn gbẹ̀fẹ́. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930. Ààfin Ọ̀wá àtijọ́ wà níbẹ̀, kọ́ọ̀tù àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀. Àmọ̀nà á fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín, á sọ ìtàn ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lọ́dún 2007, wọ́n fi Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún gbogbo ayé. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá yíjú sí níbẹ̀, òkè ni, òkè tún wà lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó ga jù sì ga tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Nínú márààrún, ibí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkè lẹ fi ojú rí, kì í ṣe ìlú láti òkè.

Sísọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́ iṣẹ́. Àǹtí mi fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ méjèèjì lórí irin. Àkókò tá a lò ju ti gígùn lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣètò: ẹ fi wákàtí púpọ̀ sílẹ̀ fún bíbọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa sọ fún àgbàlagbà pé kó yára. Ẹ mú ọ̀pá dání. Ẹ mú omi dání, bẹ́ ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé obìnrin oní-kúlà wà níbẹ̀.

Adó-Àwáyè, lápá Ìsẹ́yìn

Àtẹ̀gùn 369 péré, àwọn èèyàn á ní díẹ̀ ló fi ju ààbọ̀ ti Ìdànrè lọ, wọ́n á wá rò pé ó rọrùn ju Ìdànrè. Irọ́ ni. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ dagun, nígbà tó bá sì tán, ojú àpáta lásán lẹ máa rìn lé, láìsí irin, láìsí ibùsinmi gidi. Tí òjò bá rọ̀ lánàá, ẹ fi sílẹ̀ lónìí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni adágún Ìyáké, omi tó jókòó sórí òkè tí àwọn ará ibẹ̀ sì ní kì í gbẹ. Òkúta Ìṣàgẹ̀ náà wà níbẹ̀, tó dúró bí ẹni fẹ́ ṣubú tí kò sì ṣubú. Ilẹ̀ gbalasa tó wà nísàlẹ̀ tẹ́ lọ títí, igbó, oko, òkè kéékèèké níhìn-ín lọ́hùn-ún. Kò pariwo bíi ti Ìdànrè, ó tún dákẹ́ jù ú lọ. Ẹ má lọ láìsí amọ̀nà ọmọ ìlú. Ọ̀nà orí àpáta kì í hàn, àwọn ibì kan sì jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ tó yẹ kí ẹnìkan sọ fún yín bí ẹ ṣe máa ṣe.

Ẹ wọ Ìbàdàn, kẹ́ ẹ gba ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn. Ó jìnnà sí wa, ọjọ́ kan á há. Àmọ́ ohun kan wà tí màá sọ fún àwọn alága ẹgbẹ́: Ìsẹ́yìn nilé aṣọ òkè. Ẹ lè gun òkè lónìí, kẹ́ ẹ yan aṣọ Ojúde Ọba tó ń bọ̀ lọ́la lọ́wọ́ ahunṣọ fúnra ẹ̀. Ìrìn àjò kan, iṣẹ́ méjì. Níbẹ̀ nìkan ni owó ọkọ̀ ẹ̀ ti bá mi lára mu.

Ẹrẹdò Súngbọ́, nílé wa níbí

Kì í ṣe òkè, mo mọ̀. Mo fi sí i torí ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ àti ẹni tí kò ní ju ọ̀sán kan lọ. Odi àti yàrà ni, wọ́n gbẹ́ ẹ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn ẹ̀ lé ní kìlómítà 160, láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ìtàn wa ní Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Ibojì tí wọ́n ń pè ní tiẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Òun náà ti wà nínú ìwé UNESCO yẹn láti 1995, ó ṣáájú Ìdànrè.

Níbí, ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ, kì í ṣe òkè. Ẹ dúró nínú yàrà, ògiri ilẹ̀ pupa tó ti hu ewéko á ga lọ́tùn-ún lósì, igi á pàdé lókè orí yín, á wá ṣókùnkùn díẹ̀, á tutù. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ torí ejò, kẹ́ ẹ má sì gbà pé gbogbo ibi ló ṣeé rìn. Èmi máa ń lò ó fún ìdánwò: ẹni tó bá lè gun ẹ̀gbẹ́ odi yẹn dókè láìpe orúkọ ìyá ẹ̀, Ìdànrè ò ní pa á.

Àwọn kan á bi mí pé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́. Omi ni wọ́n ń lọ wò níbẹ̀, ìpele méje, gbogbo ẹ̀ ló tutù tó sì ń yọ̀. Ìyẹn tó ìwé mìíràn.

Ta ni kó mú èwo

Tí bàbá tàbí ìyá àgbà bá wà nínú yín, tí wọ́n sì fẹ́ jáde lóòótọ́, Olúmọ ni, kẹ́ ẹ tẹ̀lé àtẹ̀gùn tuntun. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn rárá á ṣì gbádùn Ìtòkú. Àwọn ọmọdé ilé-ìwé náà, ibẹ̀ ni: ìtàn wà níbẹ̀, wọ́n lè fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á sì sùn nílé lálẹ́.

Ẹ̀yin tí kò ju ogójì lọ, tí ẹ ní ọjọ́ méjì àti owó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ má fi Olúmọ dá ara yín lára, ẹ lọ Ìdànrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ọgọ́ta náà, bí dókítà ò bá kọ̀ fún yín, tẹ́ ẹ sì lè rìn dé ọjà kẹ́ ẹ sì rìn bọ̀ láìgun ọ̀kadà, ẹ lè lọ. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ níbi gíga ni mo fẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe àgbà. Ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, kó gbọ́ tẹnu dókítà ẹ̀ kó tó gbọ́ tèmi.

Adó-Àwáyè wà fún ẹni tó ti gun Ìdànrè tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti fún ẹgbẹ́ tó ń wá aṣọ. Láyípo wà fún ẹni tó ní wákàtí kan n'Ìbàdàn. Ẹrẹdò wà fún ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn ló rántí pé òun fẹ́ rìn.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò lè fẹnu kò, ẹ ṣe bí a ti ṣe. Àwa mẹ́rìnlá la ti san owó ọkọ̀ Ìdànrè sílẹ̀ fún oṣù Kọkànlá. Àwọn mọ́kànlá tó kù ń lọ Olúmọ lọ́jọ́ Sátidé kan náà, àwọn ni wọ́n ń gbé kúlà àti ìrẹsì, torí ọkọ̀ tiwọn á tètè dé. Ẹni tó ní òun ò lè gbé orúnkún òun lọ síbikíbi ti ra kánfáàsì. Kò tíì sọ ọkọ̀ tó máa wọ̀ fún wa.